Èékánná Mẹ́wàá

Ọjọ́ tí Àlíù wá béèrè ibojì mi lọ́wọ́ mi, ẹkùrọ́ ni mò ń yan lẹ́yìn ilé ní Isundunrin. Ọdún 1964 ni. Àwọn Mùsùlùmí Èjìgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Iléyá tán, àwọn ọmọ wọn tó ti Àbíjáǹ wá ṣọdún kò sì tíì padà, wọ́n ṣì ń fi bàtà dídán gbá eruku gbogbo àgbègbè wa kiri. Ọ̀kan nínú wọn ló wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mi yìí. Ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ débi pé mo ń ronú bí yóò ṣe jókòó. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fi aṣọ wé há abíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," ó wí. "Èmi ni Àlíù, ọmọ Àdìsá tó ń ta aṣọ ní Èjìgbò. Baba kan ló rán mi wá síbí. Mò ń wá ibi tí wọ́n sin obìnrin kan sí, Mosúnmọ́lá, ìyàwó Dúrójaiyé."

Mo dá igi tí mo fi ń ro ẹkùrọ́ dúró. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ́ Mosúnmọ́lá, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ní Isundunrin, ìbáà ṣe lókè eèpẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì wá bá mi nídìí iṣẹ́ mi láti béèrè ibi tí wọ́n sin mí sí.

"Nígbà wo ló kú?" mo bi í.

"Ó ti pẹ́ gan-an, ìyá, bóyá ẹ ò rántí mọ́. Nígbà ogun Hítílà ni. Òun àti ọmọ rẹ̀ Joanna, àti ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ìgbóná ló kó gbogbo wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Baba yẹn ní kí n kan èyí mọ́ ibojì wọn, kí n sì bá òun ṣàdúrà níbẹ̀."

Ó tú aṣọ náà. Páànù ni, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ mẹ́ta sí i. Ìwé tí mo kọ́ ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi kò ju kí n lè ka Bíbélì lọ, ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n sì fi kọ orúkọ náà, lẹ́tà wọn lọ́ kiri bí ẹni tó mutí. Ti Joanna ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ti Wúràọlá, ìyá ọkọ mi. Ìgbà tí mo dé orí tèmi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni orúkọ baba tó rán ọ?"

"Dúrójaiyé ni. Ọkọ obìnrin náà gan-an ni. Lè Fíyé là ń pè é lọ́hùn-ún, àgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀. Mo gbé igi ìroẹkùrọ́ náà sílẹ̀.

"Ọmọ mi," mo wí, "èmi ni Mosúnmọ́lá. Joanna wà ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Èjìgbò, ojú mi ló ṣe mu ẹ̀kọ jáde láàárọ̀ yìí. Dúrójaiyé ló kú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu eèpẹ̀ sí i, ibi tí o dúró sí yẹn náà ni."

Àlíù wo ilẹ̀ abẹ́ bàtà rẹ̀, ó sì sún kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ojú oorun ni mo wà.

Dúrójaiyé àti Oyèdèjì jọ dàgbà ní Isundunrin yìí ni. Oyèdèjì lọ sí ilé ìwé Onítẹ̀bọmi, ó mọ̀wé. Dúrójaiyé kò lọ, agbára ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n ń du ìrèké lóko lọ́jọ́ kan, àdá bá gé ọmọńdinrín ọwọ́ òsì Dúrójaiyé dànù láti ìdí. Oyèdèjì ló di àdá náà mú. Ó sunkún ju ẹni tí àdá gé lọ, láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò ti rí ọ̀kan kí ó má rí èkejì. Ìka mẹ́sàn-án náà ni ọkọ mi fi gbé mi níyàwó, n kò sì rí ohun tí èyí tó kù lè ṣe tí àwọn tó wà kò ṣe.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì gbọ́ pé wọ́n ń wá alágbára fún iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní Èkó. Wọ́n lọ. Wọ́n gba àwọn méjèèjì láti máa kó èédú sínú iná ọkọ̀, àmọ́ ọkọ̀ wọn kò papọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta péré ni Joanna nígbà tí bàbá rẹ̀ kúrò nílé.

Àwa tó kù nílé kò rí òkun, ṣùgbọ́n ogun inú òkun rí wa. Ajẹ́lẹ̀ rán akéde wá pé kí gbogbo ilé máa pa ẹkùrọ́, kí á sì dín àdín dídín kù. Wọ́n ní òróró rẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ funfun fi ń ṣe bọ́tà àti ọṣẹ nílùú wọn, pé bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ebi yóò ṣẹ́gun wọn kí Hítílà tó débẹ̀. A pa ẹkùrọ́ títí ọwọ́ wa fi bó. Bí a ti ń kó ẹkùrọ́ lọ tó yìí, iyọ̀ kò dé. Kẹrosíìnì kò dé. Iyọ̀ wá di ohun tí ìyá ọkọ mi ń so mọ́ etí ìró rẹ̀, tó máa ń fi ìka méjì bù sọ́bẹ̀ bí ẹni ń bu oògùn. A bi olùkọ́ ìjọ wa, ó ní Jámánì ní ọkọ̀ kan tó ń rìn lábẹ́ omi, pé ó máa ń lúgọ sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Èyí tó ń gbé iyọ̀ bọ̀, ó ń rì í. Èyí tó ń gbé ẹkùrọ́ lọ, ó ń rì í. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọbẹ̀ mi tí kò níyọ̀ àti ọkọ mi tí kò sí nílé, ohun kan náà ló ń dọdẹ wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1941, Oyèdèjì dé. Òun nìkan ni. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro. Aṣọ funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú aṣọ náà ni ìgò ìpara kan wà tó fi àbẹ́là yíyọ́ dí lẹ́nu. Ó ní ọkọ̀ mẹ́jọ ni wọ́n jọ tò tẹ̀ lé ara wọn láti Èkó, wọ́n ń lọ sí Fìrítáùn, ẹkùrọ́ ló kún inú wọn. Ọkọ̀ abẹ́ omi fọ́ èyí tí Dúrójaiyé wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn fa Dúrójaiyé wọ inú ọkọ̀ àwọn, apá òun ló kú sí, orúkọ mi ló pè kẹ́yìn. Ó ní kí àwọn òyìnbó tó sọ òkú rẹ̀ sómi, òun gé irun orí rẹ̀ àti èékánná ọwọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, kí ó lè padà wálé.

Ìyá Wúràọlá kúnlẹ̀ fún un. Ìyá yẹn, tó lè bí i lọ́mọ, kúnlẹ̀ lórí eruku, ó ń dúpẹ́ pé ó gbé ọmọ òun wálé. A sin ìgò náà lẹ́yìn ilé bí a ṣe ń sin ènìyàn. Wọn kì í jẹ́ kí opó tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò, èmi náà kò sì bèèrè. Mo fá orí, mo wọ aṣọ dúdú. Ọdún kejì, àwọn àgbà ní Dúrójaiyé kò ní àbúrò tó lè ṣú mi lópó, pé ẹni tó fi ṣe àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni Oyèdèjì. Ó kó wá sínú ilé wa nítorí ìyá náà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, Ọmọpẹ́ ni àkọ́bí wọn. Kò nà mí rí. Ó rán Joanna nílé ìwé ju àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ. Ó di díákónì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ eléyìí kí ẹ má baà rò pé ìkà kan ni mo fi ogún ọdún bá gbé. Ì bá sàn kí ó jẹ́ ìkà.

Àlíù jókòó sórí odó tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì sọ tirẹ̀ fún mi. Tábù ni ó ní Dúrójaiyé ń gbé, etí òkun lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí Àbíjáǹ níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò pọ̀ sí. Igi gẹdú ló ń bá wọn dì sínú ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ wọn fọ́, pákó kan ló rọ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn wá ń kọjá. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ó pè é. Ọkọ̀ náà kọjá. Ọjọ́ kẹta ni omi gbé e sí èbúté ilẹ̀ Faransé tí Àbíjáǹ wà. Faransé ìgbà náà sì ti bá Jámánì rẹ́, wọ́n kó òun àti àwọn tó kù lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní òkè ọ̀hún, ó ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bẹ akọ̀wé kan, ó ní kí ó bá òun kọ lẹ́tà sílé.

"Èsì dé," Àlíù wí. "Wọ́n ní ìgbóná ti pa gbogbo ilé rẹ̀. Ó ní òun kò ní padà sí ilé tó ti dahoro. Ó fẹ́yàwó níbẹ̀ nígbà tó yá, ọmọ mẹ́rin ló ní. Ṣé ẹ rí i, ìyá, kò fẹ́ràn kí ó máa bá àwọn ará ilé pàdé. Àwọn méjì kan láti ọ̀dọ̀ yín níbí rí i lọ́jà rí, ṣe ni wọ́n sá. Èmi ni kò sá, torí n ò mọ nǹkan kan."

Mo rántí ọ̀rẹ́ mi Ìbíyẹmí. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1951. Ìgbà tó dé, kò lè wojú mi. Ó ń bi mí ní ìbéèrè kíbéèrè, bóyá mo máa ń lá Dúrójaiyé, bóyá ẹnikẹ́ni máa ń kan ilẹ̀kùn mi láìdáhùn. Mo rò pé ìrìn àjò ló dà á lórí rú. Ó ti rí i ni, ó sì gbà pé àkúdàáyà ni, òkú tó lọ ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè. Bí ó bá sọ fún mi, ọkùnrin náà yóò pòórá, èmi náà sì lè ṣàìsàn. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó bá wa sin irun rẹ̀, tó wá rí níbi tó ti ń ná ẹja lọ́jà, kí ni ì bá rò? Bẹ́ẹ̀, ìgò ìpara kan ló sé ẹnu gbogbo ará ilé mọ́ mi láti ọdún yìí wá.

"Ta ló kọ èsì lẹ́tà náà?" mo bi Àlíù.

"N ò mọ̀, ìyá. Wọn ò tíì bí mi dáadáa nígbà yẹn."

Mo ní kí ó gbé páànù náà pa mọ́, kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó padà wá lọ́túnla. Mo ní kí ó ka ìka baba náà fún mi kí ó tó lọ. Ó ní mẹ́sàn-án.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà, Oyèdèjì sùn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ó mọ̀ pé Dúrójaiyé kò kú, àbí kò mọ̀. Ẹni méjì ló mọ̀wé kọ ní Isundunrin nígbà ogun, olùkọ́ ìjọ àti òun. Olùkọ́ ti kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kọ èsì náà. Tàbí kí lẹ́tà ti ṣìnà. Tàbí kí ọkùnrin Tábù jẹ́ ẹlòmíràn, tó bá ọkọ mi ṣẹ̀wọ̀n, tó gbọ́ ìtàn rẹ̀, tó sì gé ìka ara rẹ̀. Ẹ rí ohun tí mò ń rò, àgbà obìnrin bíi tèmi. Ó dára, mo fẹ́ kí Oyèdèjì mọ́. Bí ó bá mọ́, mo ní ilé. Bí kò bá mọ́, ta ni mo ti ń gbọ́únjẹ fún láti ogún ọdún?

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ló sọ sí mi lọ́kàn. Èékánná wà nínú ìgò náà. Bí Oyèdèjì bá gé e lọ́wọ́ Dúrójaiyé lóòótọ́, mẹ́sàn-án ni yóò jẹ́.

Mo dúró kí ó lọ sóko, kí àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Mo gbé ọkọ́. Èèwọ̀ ni kí opó hú ohun tó sin, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí n kò mọ̀ bóyá opó ni mí. Ilẹ̀ náà le. Ní ìwọ̀n apá kan sísàlẹ̀, ọkọ́ mi kan gíláàsì. Aṣọ funfun ti jẹrà, ìgò kò ṣe nǹkan kan. Mo fi ọ̀bẹ yọ àbẹ́là lẹ́nu rẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sórí atẹ tí mo fi ń ṣa ẹkùrọ́.

Irun náà kò yí padà. Èékánná náà gùn, ti ẹni tó pẹ́ lójú òkun tí kò gé e. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé wọn lódindi. Mò ń bẹ Ọlọ́run fún mẹ́sàn-án. Mo kà á, ó pé mẹ́wàá. Mo da wọ́n pọ̀, mo tún un kà. Mo wá tò wọ́n bí ọwọ́, àtàǹpàkò pẹ̀lú àtàǹpàkò, títí mo fi dé àwọn tó kéré jù. Ọmọńdinrín méjì ló wà níbẹ̀.

Mo sunkún, mo sì bínú sí ara mi pé mo ń sunkún. Orí kodoro tí Oyèdèjì gbé wálé lọ́jọ́ kìíní àná ni mo rántí. A kí i pé ó kú ọ̀fọ̀. Gbogbo wa wo orí náà, kò sẹ́ni tó bi í ibi tí irun rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ó ti oko dé, mo bu omi fún un, ó ṣan ọwọ́. Mo gbé abọ́ síwájú rẹ̀, mo dé e bí mo ti ń dé iyán rẹ̀. Ó ń sọ fún mi pé òjò ti ba àgbàdo jẹ́ ní ìhà odò, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi, ó ṣí abọ́. Irun àti èékánná ló bá níbẹ̀.

Ó ní, "Ta ló wá?"

Kò ní kí ni èyí. Kò ní níbo ni mo ti rí i. Ta ló wá ni ó bèèrè, mo sì mọ̀ níbẹ̀ pé ó ti ń retí ẹni náà láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ọmọ kan láti Tábù," mo wí. "Ẹ sọ fún mi, Bàbá Ọmọpẹ́. Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó sọ ọ́. Ó ní àṣẹ ni, pé kí wọ́n tó kúrò ní Èkó ni wọ́n ti kà á sétí àwọn: bí ọkọ̀ kan bá rì, kí èkejì má dúró. Ọkọ̀ tó bá dúró gba ènìyàn là, òun ni ọkọ̀ abẹ́ omi yóò tún fọ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nídìí iná ni, òun wá gba atẹ́gùn lókè, òun rí ọkọ̀ tó wà níwájú tó dá sí méjì, ẹkùrọ́ sì bo ojú omi lọ rẹpẹtẹ.

"Ó wà láàárín ẹkùrọ́ náà. Mo rí eyín rẹ̀, Mosún. Ó pè mí ní Àlàó. Kò sẹ́ni tó tún ń fi oríkì pè mí lójú òkun. Mo ju okùn, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó fi irin gbá mi lápá, okùn bọ́. Mo sáré lọ bá ọ̀gá wọn, wọ́n tì mí sísàlẹ̀. Ó ń pè mí, ọkọ̀ sì ń lọ. Mo gbọ́ ọ títí n ò fi gbọ́ ọ mọ́."

"Mo gbà yín gbọ́," mo wí. Mo gbà á gbọ́ lóòótọ́. Àpá irin náà wà ní apá rẹ̀, mo ti fi òrí pa á fún un lọ́pọ̀ ìgbà tí òtútù bá mú un. Ó sọ fún mi pé inú iṣẹ́ ló ti rí i.

"Mo rò pé ó ti kú. Kí ni n bá sọ fún Ìyá Wúràọlá? Pé mo wo ọmọ rẹ̀ lójú, mo kọjá? Yóò bi mí pé ohun tí òun fẹ́ sin dà. Mo gé tèmi. Mo rò pé ara ìyá yóò balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń da eèpẹ̀ sí i ni mo rántí ìka náà, ó sì ti bọ́."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà. Lẹ́tà ńkọ́?"

Ó ti ń dé abọ́ náà padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó dún.

"Lẹ́tà ńkọ́?"

"Èmi ni Dúrójaiyé kọ ọ́ sí," ó wí. "Ó ní kí n ka lẹ́tà òun sí yín létí. Oyún Ọmọpẹ́ ti wà nínú rẹ. Ká ní ó wá, kí ni yóò bá? Yóò mú ọ lọ, yóò mú Joanna lọ. Gbogbo ìlú yóò mọ ohun tí mo sin. Ẹ̀rù bà mí, Mosún. Mo kọ èsì náà láàárọ̀ kan, mo fi ránṣẹ́ kí n má baà yí ọkàn padà."

"O pa mí nínú rẹ̀. O pa Joanna tó jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà. O pa Ìyá Wúràọlá."

Láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ mi n kò sọ "o" sí i rí. Ojú rẹ̀ yí, ó gbọ́ ọ.

"Ìyá Wúràọlá lo ọdún méje sí i," mo wí. "Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń fi ọwọ̀ ara rẹ̀ gbá ibi tí a sin ìgò yẹn sí. O máa ń dúró tì í. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ìwọ lo máa ń gbé e lọ síbẹ̀. Irun rẹ ni ó ń gbá eruku kúrò lórí rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ láàyè ní Tábù tó ń sunkún rẹ̀."

"Ohun tí ojú mi rí lójú òkun ló dà mí báyìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ló ní ká má dúró."

"Ọ̀gá ọkọ̀ ló ní kí ẹ má dúró. Mo gbà. Wọ́n gba okùn lọ́wọ́ rẹ nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi. Mo gbà bẹ́ẹ̀ náà. Oyèdèjì, ọkọ̀ abẹ́ omi wo ló wà ní Isundunrin lọ́jọ́ tí o jókòó tí o kọ̀wé?"

Ó bo ojú. Mo dìde kúrò níbẹ̀ torí àánú rẹ̀ ti fẹ́ ṣe mí, n kò sì fẹ́ kí ó ṣe mí.

Joanna dé nírọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sunkún. Olùkọ́ ni, ó fẹ́ kí n tún ibì kan sọ lẹ́ẹ̀mejì kí ó yé e. Ó bi mí bóyá ẹni tí òun ń pè ní bàbá mọ ọjọ́ tí òun kú. Nígbà tí Àlíù gbé páànù wá lọ́jọ́ kejì, ó wo orúkọ ara rẹ̀ títí. Ó wá mú òkúta kan, ó fi họ orúkọ tèmi àti tirẹ̀ kúrò, ọ̀dà náà sì ń ta sí i láṣọ. Ti Wúràọlá nìkan ló kù. Ó kàn án mọ́ ibojì ìyá àgbà rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Àlíù pé kí ó bá òun gba àyè nínú ọkọ̀ tí yóò gbé e padà.

"Ìyá, kí ni kí n sọ fún baba?" Àlíù bi mí.

"Sọ fún un pé n kò kú. Sọ fún un pé wọ́n sọ fún èmi náà pé ó kú. N kò ní kí ó wá o. Ó ní ìyàwó níbẹ̀, mo ní ọmọ mẹ́ta níbí, kò sí ẹni tó lè tú ìyẹn mọ́. Àmọ́ kí ó mọ̀ pé mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ dáadáa."

Àwọn díákónì wá bẹ̀ mí. Àwọn àgbà ilé wá bẹ̀ mí, wọ́n ní ọkùnrin náà tọ́jú mi. Mo ní òótọ́ ni. Oyèdèjì fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí, ó ní bí mo bá fẹ́, òun yóò sọ ìgò náà sínú odò kí ọ̀rọ̀ tán. Mo da irun àti èékánná náà padà sínú rẹ̀, mo pa á dé, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Tìrẹ ni," mo sọ fún un. "Ìwọ ni a sin. Mo ti fá orí fún ọ, mo ti wọ aṣọ dúdú fún ọ, n kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Ní òwúrọ̀ tí mo kó ìkòkò àdín mi lọ sí ilé bàbá mi ní Ola, mo gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Oyèdèjì dúró lẹ́bàá ihò náà pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ó wò mí bí ẹni pé n ó sọ ohun tí òun yóò ṣe. Èmi ni mo gbẹ́ ihò náà, ọkọ́ mi ṣì wà níbi tí mo jù ú sí. Mo fi í sílẹ̀ fún un.